Èmi ti rò pé ẹ tètè bí: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń wá orúkọ nínú lẹ́tà Zodiac

Ẹ̀yin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àdáṣe, níbikíbi tí ẹ bá wà,

Mo mọ̀ pé òru ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tí ará ilé bá ti sùn, tí ẹ tẹ́ àwòrán lẹ́tà apànìyàn yẹn sórí tábìlì, tí tíì inú ife ti tutù tí ẹ ò tilẹ̀ rántí pé ẹ po tíì. Mo mọ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an lèmi náà ṣe fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò dé California, níbi tó ti pa àwọn èèyàn, rí. Àmọ́ bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè to àmì 13 inú lẹ́tà oṣù Kẹrin ọdún 1970 fún yín láìwo ìwé. Ìyàwó mi kò kà á sí ohun ìyangàn rí, èmi náà kò sì kà á sí i mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn àṣeyọrí mi fún yín. Nígbà tí wọ́n tú àdììtú Zodiac àkọ́kọ́ ní 1969, lẹ́tà 18 ló ṣẹ́ kù sí ìparí rẹ̀ tí kò mú ọgbọ́n kankan jáde: EBEORIETEMETHHPITI. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn èèyàn ti ń da lẹ́tà wọ̀nyí rú bí ọmọ ayò, tí wọ́n ń tún wọn tò. Èyí tó lókìkí jù nínú ohun tí wọ́n tò ni "Robert Emmet the hippie". Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni Robert Emmet, ó ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì pa á ní 1803. Ohun tó da òun àti híppì pọ̀, ẹ má bi mí. Mo jókòó, mo ka lẹ́tà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. R kan ṣoṣo ló wà nínú 18 yẹn, wọ́n lo méjì. M kan ló wà, wọ́n lo méjì. P kan ló wà, wọ́n lo méjì. Wọ́n sì rọra sọ I kan nù, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wo tèmi: ÈMI TI RÒ PÉ Ẹ TÈTÈ BÍ.

Ẹ kà á. E márùn-ún, I mẹ́ta, T mẹ́ta, B kan, M kan, O kan, P kan, R kan. N kò fi ẹyọ kan kún un. H méjì péré ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, ìyẹn náà kò sì le: ẹ̀rín ni. Ọkùnrin náà ń fi wá rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, kò sí àmì ohùn nínú àdììtú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi àmì sábẹ́ E kankan, ṣùgbọ́n àwa tí à ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ aláìlámì lórí fóònù lójoojúmọ́, ìyẹn kò lè dí wa lọ́wọ́. Nítorí náà, bí a bá fi òfin tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò wọ̀n ọ́n, ọmọ Yorùbá ni Zodiac. Bóyá agbẹ̀bí ni. Bóyá ọkọ tó ti rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn yàrá ìrọbí ni.

Àwàdà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo bá ara mi nídìí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ń wá bóyá akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kankan gbé ní San Francisco ní 1969. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo pa fóònù, mo mú ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sí ìdí ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá 1968, ẹnì kan yìnbọn pa ọmọkùnrin ọdún 17 àti ọmọbìnrin ọdún 16 ní ojú ọ̀nà Lake Herman, nítòsí Vallejo ní California. Ní òru ọjọ́ 4 oṣù Keje 1969, ó tún yìnbọn fún ẹni méjì nínú mọ́tò ní ọgbà Blue Rock Springs. Obìnrin náà kú, ọkùnrin náà yè é. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ó lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ méjì létí adágún Berryessa, ó fi ìbòjú dúdú bo orí, ó dè wọ́n lókùn, ó sì fi ọ̀bẹ gún wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kò yè é. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ó wọ takisí Paul Stine, ẹni ọdún 29, ní San Francisco, ó yìnbọn fún un lórí ní àdúgbò Presidio Heights, ó sì ya lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹni márùn-ún ló kú, ẹni méjì ló yè. Ohun tí ọlọ́pàá fọwọ́ sí nìyẹn. Nínú lẹ́tà tirẹ̀, iye tó ń pè ga títí ó fi dé 37.

Apànìyàn pọ̀ ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà yẹn, àwọn kan nínú wọn sì pa jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni mélòó nínú yín ló mọ orúkọ wọn? Lẹ́tà ló sọ eléyìí di ohun tó dà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Keje 1969 ló ju mẹ́ta sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́, sí ìwé ìròyìn mẹ́ta: Vallejo Times-Herald, San Francisco Examiner àti San Francisco Chronicle. Ó pín àdììtú kan sí ọ̀nà mẹ́ta, ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan. Ó ní kí wọ́n gbé e sí ojú ìwé iwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á jáde lọ máa pa èèyàn kiri. Ó sì fi oyin sí ẹnu ìkẹ́kùn náà: ó ní ẹni tí òun jẹ́ wà nínú rẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí olùkọ́ kan ní Salinas, Donald Harden, àti ìyàwó rẹ̀ Bettye fi tú u. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ gidi ṣe ń rí, ẹ wo obìnrin yìí dáadáa. Àmì 408 ló wà níwájú wọn, oríṣi 54. Kò lè jẹ́ pé àmì kan dúró fún lẹ́tà kan, torí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó bá ń wọ́pọ̀ bí E, Zodiac fún un ní àmì púpọ̀ kí ẹni tó bá ń kà wọ́n má bàa mọ èyí tó pọ̀ jù. Bettye kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ. Ó ronú nípa ìwà ẹni tó kọ ọ́: irú ọkùnrin báyìí, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́tà I ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò sì lo ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ "kill", ọ̀rọ̀ tí L méjì máa ń tẹ̀ léra wọn nínú rẹ̀. Ó gbé àbá yẹn lé e, àwọn lẹ́tà yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ìpè. Àbá kan ṣoṣo ni. Bó bá ṣe pé ó ṣì í ni, gbogbo ìyókù ì bá dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Ọkùnrin náà ní pípa èèyàn dùn ju ọdẹ ìgbẹ́ lọ, pé àwọn tí òun bá pa yóò di ẹrú òun lọ́run. Orúkọ ńkọ́? Ó ní òun ò ní sọ ọ́, nítorí pé ẹ ó dí òun lọ́wọ́. Èyí tó ṣèlérí pé ẹni tí òun jẹ́ wà nínú rẹ̀ nìyẹn o!

Àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ẹfà ni, ó fa ọkàn rẹ mọ́ra nìyẹn, ìfẹ́ ló fi ránṣẹ́. Ọmọ tó gbé e dé kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ẹni tó rán an àti ẹni tó rán an sí mọ̀ ọ́n, torí pé èdè kan náà ni wọ́n fi so ó. Àdììtú Zodiac, ẹni tó rán an nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó fẹ́ kí gbogbo wa máa wo ọwọ́ òun ni. Àwa náà kò sì mójú kúrò níbẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Àdììtú kejì dé ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Àmì 340, ìlà 20, àmì 17 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, oríṣi 63. Ọdún 51 ló fi jókòó sójú wa. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìjọba fọwọ́ kàn án, àwọn aláìsùn bíi tèmi fọwọ́ kàn án. Robert Graysmith, tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún Chronicle nígbà tí àwọn lẹ́tà náà ń wọlé, gbé ìtumọ̀ tirẹ̀ sínú ìwé tó tẹ̀ ní 1986. Lórí ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá, àwọn àmì kan wà tó tò bíi Z, O, D, A, I, K. Ha! Ta ni yóò rí ìyẹn tí kò ní dìde lórí àga?

Ibẹ̀ ni èmi náà ti dìde ní tèmi. Mo gbà pé ó fi orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ sí ìparí ni, pé orúkọ gidi gbọ́dọ̀ wà lápá òsì rẹ̀. Mo fo àmì kan, mo mú àmì kan. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, mo fo méjì. Mo ka ìlà náà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ní oṣù kẹta, orúkọ ìdílé kan yọ. Mo wá a kiri títí mo fi rí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, tó sì gbé ní àgbègbè yẹn nígbà náà. Ó ti kú. Ní 2011, mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà olójú ìwé mẹ́rin, mo fi ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan lọ́hùn-ún. Wọn kò fèsì. Mo bínú sí wọn fún ọdún mélòó kan.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2020. Ẹni mẹ́ta tú u: David Oranchak, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Virginia, Sam Blake, onímọ̀ ìṣirò ní Melbourne, àti Jarl Van Eycke, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Kò sí ọlọ́pàá kankan nínú wọn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àdáṣe bíi tiwa ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà fún àwọn tó máa ń sọ pé kí gbogbo wa lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi àdììtú náà kọ́ ni ìbéèrè tí èmi bi í. Wọn kò béèrè pé orúkọ ta ló wà níbí. Wọ́n béèrè pé: bóyá kì í ṣe láti òsì sí ọ̀tún ló ti kọ ọ́, ọ̀nà wo ló gbà kọ ọ́?

Blake to ọ̀nà kíkà tó ń lọ bí 650,000 sílẹ̀. Wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà tí Van Eycke kọ, AZdecrypt, sáré gbogbo wọn. Pàǹtírí ló ń jáde. Nínú gbogbo pàǹtírí yẹn, ọ̀nà kan mú àjákù ọ̀rọ̀ díẹ̀ wá: nǹkan kan nípa ìrètí, nǹkan kan nípa mímú òun, nǹkan kan nípa yàrá gáàsì tí wọ́n fi ń pa ọ̀daràn. Oranchak di àwọn ìyẹn mú ṣinṣin, ó ní kí kọ̀ǹpútà tún ìyókù wá. Ohun tó jáde ni pé òun kọ́ ló wà lórí ètò tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ dúró síbí pẹ̀lú mi. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 1969, ẹnì kan pe orí ètò òwúrọ̀ Jim Dunbar ní San Francisco lórí fóònù, ó ní òun ni Zodiac, ó sì bá agbẹjọ́rò Melvin Belli sọ̀rọ̀ níṣojú gbogbo ìlú. Ọjọ́ 17 lẹ́yìn náà ni àdììtú 340 bọ́ sí ọ̀nà. Kò sí ẹni tó fi tẹlifíṣọ̀n sínú kọ̀ǹpútà yẹn. Kò sí ẹni tó ń wá a. Àdììtú náà ló fúnra rẹ̀ sọ ọ́, ó sì bá ọjọ́ mu. Nígbà tí mo kà á, mo fi ìwé sílẹ̀, mo jáde lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí ẹ̀rí ń jẹ́ fún ọdún 31, kí n tó rí i bó ṣe rí.

Bó ṣe kọ ọ́ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń bíni nínú. Ó pín ìlà 20 náà sí mẹ́ta: mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, méjì. Nínú méjì àkọ́kọ́, bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá òsì, sọ̀kalẹ̀ ẹyọ kan, rìn lọ sí ọ̀tún ẹyọ méjì, máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ní apá kejì, òun fúnra rẹ̀ ṣìṣe, ìlà kan sún kúrò nípò, ìyẹn sì da àwọn tó ń tú u láàmú. Ẹni tí ẹ ń pè ní ọlọ́gbọ́n àrà, tí ẹ ní kò sí àṣìkọ kan nínú lẹ́tà rẹ̀ tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ó ṣi òǹkà! Z, O, D, A, I, K tó gbé mi dìde lórí àga, wọn kì í ṣe Z, wọn kì í ṣe O. Àmì lásán ni wọ́n, tó dúró fún lẹ́tà mìíràn, tó kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ni iléeṣẹ́ FBI jẹ́rìí sí i pé òótọ́ ni wọ́n tú u. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ọkùnrin ọkọ̀ ojú omi tèmi wọmi níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àwọn kékeré, torí pé nídìí wọn ni ọ̀pọ̀ yín kó sí báyìí. Àmì 13 ti oṣù Kẹrin 1970 tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "orúkọ mi ni". Àmì 32 ti oṣù Kẹfà wá pẹ̀lú máàpù tó sàmì sí òkè Diablo, ó ní yóò fi ibi tí bọ́ǹbù wà hàn. Mo mọ̀ pé òùngbẹ ibẹ̀ kì í tán. Ṣùgbọ́n ní 1949, Claude Shannon ti fi ìṣirò hàn pé bí ohun tí a dì bá kúrú ju ìwọ̀n kan lọ, ìtumọ̀ tó bá a mu kì í ṣe ẹyọ kan. Fún pípààrọ̀ lẹ́tà lásán nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n náà jẹ́ nǹkan bí lẹ́tà 25 sí 30. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ péré ni mẹ́tàlá. Ti 32 tilẹ̀ burú jù ú lọ, bó ti gùn tó: oríṣi àmì 29 ló wà nínú 32. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó jáde lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn onílẹ́tà 32 tí ẹ bá fẹ́ ni ẹ lè fi sí i. Àtúnṣe díẹ̀, ó ti wọlé. Ẹ lè fi àdírẹ́sì ilé àna yín sí i.

Wọ́n tilẹ̀ ti fi Alfred E. Neuman, ọmọkùnrin elẹ́rìn-ín orí ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ MAD, sínú àmì 13 náà. Mo dán an wò fúnra mi. A bá A mu, E mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síbi tí àmì kan náà ti jáde lẹ́ẹ̀mẹta, N bá N mu. Ibì kan péré ló ti kọsẹ̀. Ó bá a mu ju ọ̀pọ̀ orúkọ tí mo rí tí wọ́n gbé jáde lọ, tí ẹni tó gbé e jáde sì ń bínú pé ọlọ́pàá kò lọ hú òkú.

Àwọn àgbà wa ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ti àwa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àdáṣe yàtọ̀. Àwa la kọ́kọ́ fi í sínú àpò náà, ká tó gbéra lọ sí Sókótó, ká tó wá padà wálé wá bú sí ìyanu. Ẹnì kan ti ní ọkùnrin kan lọ́kàn: aládùúgbò tó ń wo èèyàn ní ìwòkuwò, ọkọ àkọ́fẹ́ ìyá rẹ̀, bàbá tó já a sílẹ̀ ní kékeré. Ìgbà tó ti ní i lọ́kàn tán ló tó lọ wo àdììtú. Ìgbà wo ni kò ní bá a níbẹ̀? Ọmọ ti kọ ìwé fi bàbá rẹ̀ sùn. Ní oṣù Kẹwàá 2021, ẹgbẹ́ kan tó kún fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kéde orúkọ ọkùnrin kan tó kú ní 2018, ìròyìn rẹ̀ sì kárí ayé láàárín ọjọ́ kan. FBI ní ẹjọ́ náà ṣì wà ní ṣíṣí, wọn kò rí ohun tuntun. Ọkùnrin tí sinimá David Fincher ti 2007 nawọ́ sí, ó kú ní 1992. Àmì ìka rẹ̀ kò bá ti inú takisí mu, DNA tí wọ́n rí lára sítáǹbù lẹ́tà Zodiac ní 2002 kò bá tirẹ̀ mu. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé adájọ́ ti dájọ́.

N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin kan á sọ pé ọ̀rọ̀ àdììtú nìkan kọ́, pé ọwọ́ ìkọ̀wé wà, pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ lọ bi Riverside. Ìlú náà wà ní gúúsù California. Ní 1966, wọ́n pa ọ̀dọ́bìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ìwé kékeré wá sọ́dọ̀ ìwé ìròyìn, ọlọ́pàá àti bàbá ọmọ náà, pé dandan ni kí ọmọ náà kú, pé àwọn mìíràn ń bọ̀. Bàbá tó ń sunkún ọmọ ni wọ́n kọ ìyẹn sí! Nígbà tí Zodiac gbòde, ọ̀jáfáfá nínú wíwo ọwọ́ ìkọ̀wé ní Zodiac ló kọ àwọn ìwé wọ̀nyí. Láti ìgbà yẹn ni a ti ń kà wọ́n mọ́ tirẹ̀. Èmi fúnra mi fi lẹ́tà kan láti inú wọn ṣe àfikún sí iṣẹ́ mi ní 2009. Ní 2016, ẹnì kan kọ lẹ́tà aláìlórúkọ sí ọlọ́pàá Riverside, ó ní òun ló kọ wọ́n nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, pé eré burúkú ni. Àyẹ̀wò DNA gbé wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 2020, ó sì jẹ́wọ́. Kì í ṣe Zodiac. Ọmọdé tí ayé rẹ̀ dàrú ni. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún la fi ń wá ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ọmọ kan fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ìkà.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ, ẹ má kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ gbà rí i, láìdárúkọ: kí ẹ fo èwo, kí ẹ mú èwo, ìgbà wo ni E ń di A. Kí ẹ wá gbé ìwé yẹn fún ẹlòmíràn tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, pẹ̀lú àdììtú náà, kí ẹ sì kúrò nínú yàrá. Bí ó bá jáde pẹ̀lú orúkọ kan náà, ẹ pè mí, èmi yóò fi owó ara mi san owó ìfìwéránṣẹ́ yín. Mo fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní tèmi ti 2011 láìpẹ́ yìí. Wákàtí kan kò pé tó fi padà wá pẹ̀lú orúkọ mẹ́ta, kò sí ti ọkùnrin tèmi nínú wọn. Ọ̀kan jẹ mọ́ orúkọ ilé-ìwé gíga kan ní Abẹ́òkúta.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì wá dé ibi pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ọlọ́pàá ni kí ẹ sọ ọ́ fún, ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì gbà pé wọ́n lè má fèsì. Ẹ má gbé e fún oníròyìn. Òkú kò lè pe agbẹjọ́rò, àmọ́ ó lè ní ọmọ, ọmọ náà sì lè ní ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé. Ọkùnrin tí mo fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọmọbìnrin méjì. N kò mọ̀ nígbà yẹn, n kò sì wádìí; gbogbo ìwádìí mi, kò sí ọjọ́ kan tó kọjá sí apá ibẹ̀. Mo wádìí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Àwòrán rẹ̀ wà lójú ìwé ìkéde ìsìnkú, ó gbé ọmọ-ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ.

Iṣẹ́ ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bíi ti ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù yẹn, tó ń ti ibi ìkẹ́rùsí bọ̀, tó ń jókòó kọ irinṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò lò. Oranchak ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 2006. Ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó tú u, kò sì ka orúkọ ẹnikẹ́ni sí wa létí. Ní California kan náà, ní 2018, wọ́n mú apànìyàn tí wọ́n ti ń wá láti àwọn ọdún 1970. DNA àti ìran ìdílé ni wọ́n fi tọpa rẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni eléyìí yóò ṣe parí, nídìí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹbù kan tí ẹnì kan fi ahọ́n lá ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Mo ti kọ lẹ́tà mìíràn sí àgọ́ ọlọ́pàá yẹn, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fa èyí tí mo kọ ní 2011 ya. Wọn kò fèsì sí ìyẹn náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.

Àfikún: H méjì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá rí ibi tí wọ́n wọ̀, kó jọ̀wọ́ má kọ̀wé sí mi.